Ẹnubodè Mẹ́rin

Ọwọ́ ni wọ́n ń nà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2023, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mò ń wo bí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 15 tó wà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ń dìbò. Alága á béèrè pé ta ló fara mọ́ àbá yìí, ọwọ́ á gòkè, wọn á kà á. Á béèrè pé ta ni kò fara mọ́ ọn. Á béèrè pé ta ló ta kété. Ọwọ́ 13 ló gòkè fún bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ náà. Ṣáínà ta kété. Rọ́ṣíà nìkan ló nawọ́ sí rárá, ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn sì borí àwọn 13, torí pé Rọ́ṣíà wà lára àwọn márùn-ún tí òfin fún ní agbára veto.

Ẹnubodè kan ni wọ́n ń dìbò lé lórí. Bab al-Hawa ni orúkọ rẹ̀, ó wà láàárín Tọ́kì àti àríwá ìwọ̀-oòrùn Síríà. Lédè Lárúbáwá, ẹnu ọ̀nà ni bab, afẹ́fẹ́ sì ni hawa. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ẹnubodè náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ogun ti lé kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n wá ń sùn nínú àgọ́. Ibẹ̀ ni ìyẹ̀fun wọn ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wọn ń gbà. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni bóyá kí ó wà ní ṣíṣí fún oṣù mẹ́sàn-án sí i, àbí oṣù mẹ́fà. Rọ́ṣíà fẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú àwọn májẹ̀mú tirẹ̀. Àwọn yòókù fẹ́ mẹ́sàn-án. Wọn kò rí i yanjú, ni àṣẹ tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, pé kí ìrànwọ́ máa wọlé láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba Síríà, bá bọ́.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ìjọba Síríà kọ̀wé pé òun yọ̀ǹda kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa lo Bab al-Hawa fún oṣù mẹ́fà. Àwọn kan dúpẹ́. Èmi ò lè dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú lẹ́tà yẹn, "yọ̀ǹda", ni wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà láti yọ kúrò láàárín oúnjẹ àti ẹnu ẹni tí ebi ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2014, ẹnì kan ya àwòrán kan ní Yarmouk, àgọ́ àwọn ogúnléndé Palẹstínì ní gúúsù Damásíkù. Òpópónà kan ni, ilé alájà púpọ̀ lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn ti fọ́, irin inú wọn ti yọ síta. Láàárín àwọn ilé náà, ènìyàn ni. Orí ènìyàn títí dé ibi tí ojú ń ká dé, wọ́n fún mọ́ra wọn débi pé abẹ́rẹ́ ò lè bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń dúró de páálí oúnjẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé àdàlù àwòrán ni. Mo padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń wò: ẹni tó ya àwòrán náà ló dúró sí apá ibi tí oúnjẹ wà.

Ohun tó dá mi lóró jù ni ibi tí Yarmouk wà. Kì í ṣe aṣálẹ̀, kì í ṣe orí òkè tí ọkọ̀ ò lè gùn. Ìrìn ọkọ̀ kúkúrú ni sí àárín Damásíkù, níbi tí ọ́fíìsì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jí lójoojúmọ́ lọ síbi iṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀dá ló dé. Kì í ṣe pé oúnjẹ wọ́n. Wọ́n sàga ti ibẹ̀ ni, ẹni tó sàga tì í náà sì ni ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Bí ètò náà ṣe wà láti ọdún 1991 nìyẹn. Ìpinnu kan tí Àpéjọ Gbogboogbò Àjọ náà ṣe nígbà náà, èyí tí nọ́ḿbà rẹ̀ jẹ́ 46/182, sọ pé ìrànwọ́ yẹ kó wọ orílẹ̀-èdè kan pẹ̀lú ìyọ̀ǹda orílẹ̀-èdè ọ̀hún. Ẹni tó bá ronú nípa omíyalé tàbí ìmìtìtì ilẹ̀ á rí i pé ó bọ́gbọ́n mu: èèyàn kì í já wọ ilé onílé. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ onílé gan-an ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ inú ilé tó ń febi pa wọ́n ńkọ́? Láti inú oṣù kẹta ọdún 2011, tí àwọn aráàlú ti jáde ṣe ìwọ́de ní ìlú Daraa ní Síríà tí ìjọba sì yìnbọn sí wọn, ìbéèrè yìí ti ń bọ̀ lọ́nà. Ó gba àwọn aṣojú náà ní ọdún mẹ́ta gbáko kí wọ́n tó dojú kọ ọ́.

Kì í ṣe pé wọn ò ṣe nǹkan kan láàárín ọdún mẹ́ta náà. Wọ́n rán Kofi Annan, ọmọ Gánà tó ti jẹ́ Akọ̀wé Àgbà rí, lọ làjà. Oṣù mélòó kan ló lò kó tó kéde ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2012 pé òun ń fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n rán Lakhdar Brahimi, ọmọ Àlùjíríà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014 òun náà lọ, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Síríà. Wọ́n rán àwọn olùṣọ́ 300 tí kò gbé ìbọn dání. Nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀ ni wọ́n pa ènìyàn 108 ní Houla, 49 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ohun tí àwọn olùṣọ́ náà lè ṣe kò ju kí wọ́n ka òkú lọ. Nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ń lo veto. Oṣù kẹwàá ọdún 2011, oṣù kejì ọdún 2012, oṣù keje ọdún kan náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, orílẹ̀-èdè 13 fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé, àwọn méjì náà tún ní rárá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ju afẹ́fẹ́ olóró sí Ghouta, agbègbè kan lẹ́bàá Damásíkù, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2013, ọjọ́ 37 péré ni Ìgbìmọ̀ kan náà fi fohùn ṣọ̀kan lórí ìpinnu 2118, tí wọ́n fi ní kí Síríà kó gbogbo ohun ìjà olóró rẹ̀ sílẹ̀. Mo máa ń rántí ọjọ́ 37 yẹn tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé agbára ò sí lọ́wọ́ wọn. Agbára wà. Ikú tó gba inú afẹ́fẹ́ wá ló dẹ́rù bà wọ́n. Èyí tó gba inú ìkòkò òfìfo wá kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ní oṣù keje ọdún 2014 ni ohun tí mo pè ní iṣẹ́ gidi ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejì, wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìpinnu 2139, tí wọ́n fi ní kí gbogbo àwọn tó ń jà jẹ́ kí ìrànwọ́ kọjá. Kò sí ẹni tó ṣègbọràn. Ní oṣù kẹrin, àwọn amòfin àgbáyé tó lé ní 30 kọ lẹ́tà síta pé òfin kò dí Àjọ náà lọ́wọ́ láti gba ẹnubodè wọlé láìtọrọ àṣẹ, pé ẹni tó bá ń fi àṣẹ du àwọn tí ebi ń pa láìnídìí, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́. Àjọ náà kò gbà bẹ́ẹ̀, ó ń dúró de Ìgbìmọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù keje, gbogbo àwọn 15 nawọ́ sí ìpinnu 2165. Ó dárúkọ ẹnubodè mẹ́rin: Bab al-Salam àti Bab al-Hawa láti Tọ́kì, al-Yarubiyah láti Ìráàkì, al-Ramtha láti Jọ́dánì. Ó ní kí ọkọ̀ ìrànwọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ní ti ìjọba Síríà, ó ní kí wọ́n fi tó o létí.

Kí wọ́n fi tó o létí. Ìyàtọ̀ tó wà nínú gbólóhùn yẹn pọ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbi ìjíròrò àlàáfíà ní Geneva lọ. Ẹni tí a tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lè dákẹ́, kí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ sì pa odindi ìlú kan. Ẹni tí a kàn fi tó létí lè dákẹ́ bó ṣe wù ú, ọkọ̀ á kọjá.

Mo ti fi ọjọ́ púpọ̀ wo fọ́tò àti fídíò ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, torí mo fẹ́ mọ bí ìwé tí wọ́n kọ sórí tábìlì ní New York ṣe ń di ìyẹ̀fun. Ní ìhà Tọ́kì, nítòsí ìlú Reyhanlı, àgbàlá gbalasa kan wà. Tírélà láti Tọ́kì á fi ẹ̀yìn ko ẹ̀yìn tírélà láti Síríà. Àwọn alábàárù á máa kó ẹrù láti inú ọ̀kan sínú èkejì, àpò lórí èjìká, páálí láyà. Òṣìṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé á dúró tì wọ́n, á máa wo ohun tó ń wọlé kí ó má bàa sí ohun ìjà lábẹ́ ìrẹsì. Tí ọkọ̀ bá kún, wọn á ti í, wọn á fi èdìdì dì í. Ó tán. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan níbẹ̀. Mo máa ń sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn aṣojú wọ̀nyí ò mọ̀ ju ẹnu dídùn lọ, pé àpérò wọn kò fi búrẹ́dì kan kún àwo ẹnikẹ́ni. Mo ṣe àṣìṣe. Èdìdì ara tírélà yẹn, láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n yí padà nínú gbólóhùn kan ló ti wá. Nígbà tó fi máa di ọdún 2022, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ń rí ìrànwọ́ gbà lóṣooṣù láti ẹnubodè kan ṣoṣo tó kù.

Níbi tí àwọn ẹnubodè náà kò dé, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Daraya súnmọ́ Damásíkù débi pé ẹni tó bá wakọ̀ kò ní pẹ́ dé ibẹ̀. Láti ìparí ọdún 2012 ni ìjọba ti sàga tì í. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2016, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n gbà pé kí ọkọ̀ díẹ̀ wọlé pẹ̀lú wàrà ọmọ ìkókó àti oògùn. Kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀. Ohun tí ìyọ̀ǹda gbà láyè nìyẹn. Àwọn ará ìlú jáde síta, wọ́n ń dúró. Ní ibùdó ìyẹ̀wò tó kẹ́yìn, àwọn sójà ní kí wọ́n já wàrà náà sílẹ̀. Ọkọ̀ yí padà. Àwọn tó ń dúró ṣì wà níta nígbà tí àdó olóró bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lù wọ́n. Ìgbà tó di alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ni oúnjẹ tó wọ Daraya fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 2012, ìwọ̀n tó tó ènìyàn 2,400 jẹ fún oṣù kan. Kí oṣù kẹjọ tó parí, wọ́n ti kó gbogbo wọn kúrò níbẹ̀, ìlú náà ṣófo.

Ti Madaya le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú orí òkè ni, ó súnmọ́ ẹnubodè Lẹ́bánónì, wọ́n sì ti ri àdó abẹ́ ilẹ̀ yí i ká. Nígbà tí ọdún 2015 ń parí, kílò ìrẹsì kan ti lé ní $100 níbẹ̀. Wọ́n ń se ewé àti koríko nínú omi iyọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: àwọn tó ń bá ìjọba jà ṣe irú rẹ̀. Àwọn ló sàga ti Foua àti Kefraya ní àríwá. Nígbà tí wọ́n jàjà gbà kí ọkọ̀ wọ Madaya ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 2016, àdéhùn ni pé àkókò kan náà ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ Foua àti Kefraya. Tí ti ibí bá dúró, ti ọ̀hún náà gbọ́dọ̀ dúró. Wọ́n fi ọmọ tí ebi ń pa ní ìlú kan ṣe òṣùwọ̀n ọmọ tí ebi ń pa ní ìlú kejì. Àwọn aṣojú àgbáyé ló ń bá wọn di ìwọ̀n náà mú. Mo gbà pé wọn ò rí ọ̀nà mìíràn. Síbẹ̀, inú mi kò gbà á.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ban Ki-moon, Akọ̀wé Àgbà ìgbà yẹn, sọ ọ́ ní gbangba pé ìwà ọ̀daràn ogun ni kí a fi ebi ṣe ohun ìjà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Oṣù kan náà ni wọ́n pe ìjọba àti àwọn alátakò sí Geneva láti wá jíròrò nípa ìjọba tuntun, nígbà tí àwọn alátakò ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú àwọn ìlú tí wọ́n sàga tì sílẹ̀, àwọn kan ní wọ́n ń fi májẹ̀mú dí ìjíròrò lọ́wọ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọn ò ní láti kọ́ èyí fún ẹnikẹ́ni ní Madaya.

Ìlà-Oòrùn Ghouta ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí bí ìyọ̀ǹda ṣe lè jẹ́ irọ́ pátápátá. Ní oṣù kejì ọdún 2018, àdó ń rọ̀ sórí àwọn ènìyàn níbẹ̀ débi pé UNICEF, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, gbé ìwé kan jáde ní ọjọ́ 20 oṣù náà tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Wọ́n kọ gbólóhùn kan pé kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tí wọ́n pa, ìyá wọn, bàbá wọn àti àwọn tó fẹ́ràn wọn. Ìyókù jẹ́ òfìfo. Mo tẹ ìwé náà jáde. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ìgbìmọ̀ Ààbò fohùn ṣọ̀kan lórí ìpinnu 2401: kí ìbọn dákẹ́ fún ọjọ́ 30. Ìbọn kò dákẹ́ fún ọjọ́ kan.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta, ìjọba yọ̀ǹda kí ọkọ̀ 46 wọ Douma, ìlú kan ní Ìlà-Oòrùn Ghouta. Kí wọ́n tó gbéra, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tú ẹrù wọn wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù ìṣègùn ni wọ́n yọ kúrò. Ẹ wo ohun tí wọ́n yọ: ohun èlò iṣẹ́ abẹ, àwọn àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, insulin tí àwọn alárùn àtọ̀gbẹ ń lò. Insulin! Kò sí sójà kankan tó lè fi insulin jà. Ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kúrò nínú páálí, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ìyókù wọ Douma, àdó sì ń bọ́ débi pé wọ́n kúrò kí wọ́n tó já ẹrù tán.

Nígbà tí Rọ́ṣíà ń sọ pé kí ìrànwọ́ máa gba Damásíkù, pé ilẹ̀ Síríà ní ìjọba, pé àwọn tó ń ṣàkóso Idlib, agbègbè tó wà lẹ́yìn Bab al-Hawa, jẹ́ àwọn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fúnra rẹ̀ kà sí agbésùnmọ̀mí, mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òfìfo. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Damásíkù ni insulin Douma gbà.

Wọ́n kò ti ẹnubodè mẹ́rin náà lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 2020, nínú òtútù, wọ́n yọ al-Ramtha àti al-Yarubiyah. Al-Yarubiyah ni oògùn fi ń wọ ìlà-oòrùn àríwá. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà gba gbogbo ayé. Ní oṣù keje, ìbò lórí ìbò, veto lórí veto, àṣẹ náà parí kí wọ́n tó fẹnu kò ní ọjọ́ 11, Bab al-Hawa nìkan ló sì kù. Àwọn tó fẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ń jáde síta, wọ́n ń sọ pé ọ̀kan sàn ju òfo lọ. Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ènìyàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí onítọ̀hún á sì máa dúpẹ́ fún èyí tó kù. Láti ìgbà náà títí di ọdún 2023, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá, tí àṣẹ náà bá ti fẹ́ parí, àwọn dókítà ní Idlib á máa ka ọjọ́ bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́.

Ìjọba Bashar al-Assad, ààrẹ Síríà, wó ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2024. Àwọn kan ti ń sọ pé kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnubodè. Èmi ò lè gbàgbé oṣù kejì ọdún 2023.

Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ mì tìtì ní gúúsù Tọ́kì àti àríwá Síríà. Ilé wó lu àwọn tó ń sùn ní ìhà méjèèjì. Ní ìhà Tọ́kì, ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, ajá tó ń gbóòórùn ènìyàn lábẹ́ àlàpà, ẹ̀rọ tó ń gbé òkúta. Ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Síríà, àwọn Aṣíborí Funfun, àwọn ará Síríà tó ń yọ ènìyàn lábẹ́ àlàpà, ń fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì wa ilẹ̀. Ọ̀nà tó lọ sí Bab al-Hawa ti bàjẹ́. Bab al-Salam wà nítòsí, ṣùgbọ́n Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò ní àṣẹ láti gba ibẹ̀. Mo ń wo fídíò láti Bab al-Hawa ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹnubodè náà ń ṣí. Òkú ni ó ń ṣí fún: àwọn ará Síríà tó ti sá lọ sí Tọ́kì tí ilé wó pa níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn wọn ń gbé padà wá sin sílé, nínú àpò, nínú kúbùsù, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù.

Ọjọ́ 9 ni ọkọ̀ ìrànwọ́ Àjọ náà kọ́kọ́ kọjá, mẹ́fà péré, ẹrù tí wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ ṣáájú ìmìtìtì náà ni. Ọjọ́ 12, Martin Griffiths, ọ̀gá ètò ìrànwọ́ Àjọ náà, dé ẹnubodè, ó kọ ọ́ síta pé àwọn ti já àwọn ará ibẹ̀ kulẹ̀, pé wọ́n tọ̀nà láti rò pé a pa wọ́n tì. Ọjọ́ 13, ó wà ní Damásíkù, Assad sì yọ̀ǹda Bab al-Salam àti al-Ra'i, ẹnubodè mìíràn láti Tọ́kì, fún oṣù mẹ́ta. Ìpàdé kan ṣoṣo ló gbà.

Ọjọ́ 14, ọkọ̀ wọn gba Bab al-Salam kọjá. Ó ti lé ní ọdún méjì ààbọ̀ tí wọ́n ti gba ibẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìyẹn ni àwọn Aṣíborí Funfun ti dáwọ́ dúró láti máa wá ẹni tó ṣì wà láàyè.